Ìdìbò Ọ̀ranyàn: Ohun Tó Lè Fipá Múni Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Fipá Múni Ṣe

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ka àbá òfin kan lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì gbà kó tẹ̀ síwájú. Abẹnugan ilé náà fúnra rẹ̀, Tajudeen Abbas, àti aṣòfin kan láti ìpínlẹ̀ Plateau, Daniel Asama Ago, ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀. Àbá náà sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ti tó ọjọ́ orí ìdìbò gbọ́dọ̀ máa dìbò, pé ẹni tí kò bá dìbò lè fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura tàbí kó san ìtanràn ₦100,000. Ariwo ta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 26 oṣù kan náà, Abbas ti fà á sẹ́yìn.

Àbá náà lọ, ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ tó dá sílẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn kan gbà pé ó ti di òfin, pé ọlọ́pàá lè wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì ìdìbò. Àwọn míì rò pé bí wọ́n bá ti sọ ìdìbò di ọ̀ranyàn, ìjọba náà ni yóò máa sọ ẹni tí èèyàn máa dìbò fún. Àwọn kan sì ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é ní Australia, pé ó ń lọ déédéé, àmọ́ wọn kò mọ ohun tó mú un lọ déédéé. Ó yẹ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tó bí àbá yẹn ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wà.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìdìbò ọ̀ranyàn?

Ìdìbò ọ̀ranyàn ni kí òfin orílẹ̀-èdè kan sọ ọ́ di iṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó tọ́ láti dìbò pé kó yọjú lọ́jọ́ ìdìbò, kó gba ìwé ìdìbò, kó sì jù ú sínú àpótí. Bí ẹnì kan kò bá yọjú, tí kò sì ní ìdí gúnmọ́, ìyà kan wà fún un, ì báà kéré. Níbi tí kò ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, bíi Nàìjíríà, Benin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ ni ìdìbò. Òfin fún ọ láyè. Bí o bá fẹ́, o lò ó. Bí o kò bá fẹ́, o jókòó sílé rẹ.

Ẹ wo ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá wá yóò san owó ìtanràn, akọ̀wé yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wá, kò sẹ́ni tó lè fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jókòó láti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ títí dé àdúrà ìparí kó má sọ gbólóhùn kan, kò jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè kankan. Yíyọjú ni òfin ń béèrè. Ohun tó wà nínú ọkàn rẹ, tìrẹ ni.

Ṣé wọ́n lè fipá mú mi yan ẹnì kan?

Rárá, nítorí ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ni. Bí o bá ti wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka, òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò mọ ohun tí o ṣe sí ìwé náà. O lè tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ tó wù ọ́. O lè fi í sílẹ̀ lófìfo. O lè fi gègé ha gbogbo rẹ̀ títí kò fi ní ṣeé kà mọ́. Nínú ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Australia, nǹkan bí ìwé 5 nínú 100 ni wọn kì í lè kà, yálà nítorí pé olùdìbò ṣì í kọ, tàbí nítorí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́.

Ní Brazil, wọ́n tiẹ̀ la ọ̀nà sílẹ̀ fún un ní gbangba. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dìbò níbẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn nọ́ńbà, bọ́tìnì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan aláwọ̀ ewé tí èèyàn fi ń fọwọ́ sí ohun tó yàn, ọ̀kan aláwọ̀ ọsàn tó fi ń ṣàtúnṣe, àti ìkẹta tó funfun, fún ẹni tí kò fẹ́ yan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tẹ funfun, tó sì fọwọ́ sí i, ti ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe. Wọn kò ní ka ìbò rẹ̀ mọ́ ti olùdíje kankan.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tó wuni ni ìdìbò ọ̀ranyàn ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀tọ́ láti má yọjú rárá ló ń gbà, ẹ̀tọ́ yẹn náà sì ní ìwúwo tirẹ̀. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í dìbò nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹlòmíì kì í dìbò nítorí pé kò rí ẹni tó ṣeé yàn nínú gbogbo àwọn tó jáde. Ti ẹ̀sìn, òfin Australia gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdí tó tó. Ti èkejì, wọn kò gbà á. Ní 1926, ọkùnrin kan gbé e dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn pé òun kò dìbò nítorí pé ètò ọrọ̀ ajé tí òun kò fara mọ́ ni gbogbo olùdíje ń tì lẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn kì í ṣe ìdí.

Báwo ni Australia ṣe ń ṣe é?

Ìpínlẹ̀ Queensland ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1915. Ní ti ìdìbò gbogbo orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn ìdìbò 1922, tí àwọn tó jáde kò tó 60 nínú 100, ni sẹ́nátọ̀ kan láti Tasmania, Herbert Payne, gbé àbá òfin lọ síwájú ilé. Ó di òfin ní 1924. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 1925, àwọn tó jáde lé ní 91 nínú 100. Láti ìgbà náà wá, àyíká 90 ló ń rìn.

Kí ni ìyà ẹni tí kò bá dìbò? Dọ́là Australia 20. Iye yìí kò tó owó iṣẹ́ wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba owó tó kéré jù lábẹ́ òfin níbẹ̀. Wọn kì í ran ọlọ́pàá síni. Lẹ́tà ni àjọ elétò ìdìbò wọn ń kọ́kọ́ kọ: a kò rí orúkọ rẹ lára àwọn tó dìbò, kí ló ṣẹlẹ̀? Bí ara rẹ kò bá yá, bí o bá wà lẹ́yìn odi, tàbí bí ìdí mìíràn tó yè kooro bá wà, o kọ̀wé padà, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá sí ìdí, o san 20 náà. Ìgbà tí èèyàn bá kọ̀ láti dáhùn, tó sì kọ̀ láti sanwó, ni ọ̀rọ̀ lè dé ilé ẹjọ́, tí owó náà á sì lọ sókè.

Bí a bá dúró síbi owó ìtanràn, a kò tíì rí Australia. Ohun tó gbé òfin náà ró ni ohun tí ìjọba ń ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìdí pé òun kò lè dìbò. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń dìbò, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lọ síbi iṣẹ́. Kò pọn dandan kí o lọ sí ibùdó kan ṣoṣo. Ibùdó ìdìbò yòówù nínú ìpínlẹ̀ rẹ ni o lè yà sí. Ẹni tí iṣẹ́ tàbí ìrìn àjò kò ní jẹ́ kó ráàyè lọ́jọ́ náà lè dìbò ṣáájú, tàbí kó fi ìbò rẹ̀ ránṣẹ́ ní pósítì. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé àpótí lọ bá àwọn aláìsàn ní ọsibítù, wọ́n ń lọ sí ilé àwọn arúgbó, wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí àwọn abúlé tó jìnnà réré ní aṣálẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé lórí gan-an ní ọ̀nà tó lè gbà forúkọ sílẹ̀ láìní àdírẹ́sì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ lórí yìnyín ní Antarctica wà lára àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda fún pé bí wọn kò bá dìbò, kò sí ìtanràn, nítorí pé níbi tí wọ́n kéré níye tó bẹ́ẹ̀, kò dájú pé ìbò ìkọ̀kọ̀ á jẹ́ ìkọ̀kọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dì mú nìyí: níbi tí ìdìbò ọ̀ranyàn ti dúró, ọrùn ìjọba ni ẹrù tó pọ̀ jù wà. Òfin náà de ọmọ ìlú, ó sì de ìjọba pẹ̀lú.

Kò túmọ̀ sí pé ìtàn wọn mọ́ látòkèdélẹ̀. Títí di 1962, ọ̀pọ̀ àwọn Aborigine, àwọn onílẹ̀ gan-an, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, 1984 sì ni òfin ọ̀ranyàn tó kan tiwọn bíi ti àwọn yòókù. Fún ọgọ́ta ọdún, òfin kan náà ń lé àwọn kan lọ síbi àpótí, ó sì ń wo àwọn mìíràn bí ẹni pé wọn kò sí.

Brazil ńkọ́, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá wà?

Láti 1932 ni ìdìbò ti di ọ̀ranyàn ní Brazil, ìwé òfin 1988 wọn sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé kọ, tó mọ̀wé kà, tó wà láàárín ọdún 18 sí 70, gbọ́dọ̀ dìbò. Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 16 àti 17, ẹni tó ti lé ní 70, àti ẹni tí kò mọ̀wé lè dìbò bí ó bá wù wọ́n.

Owó ìtanràn wọn kò tó nǹkan rárá. Reais 3 àti sẹ́ǹtì 51 ni, kò tó owó tí èèyàn ń wọ bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan ní São Paulo. Ibi tó ti ń ta èèyàn lára yàtọ̀. Ẹni tí kò dìbò, tí kò ṣàlàyé, tí kò sì sanwó, kò lè gba ìwé ìrìnnà, kò lè gba iṣẹ́ ìjọba, kò lè wọ yunifásítì ìjọba, kò sì lè yá owó ní báńkì ìjọba títí yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta léraléra, wọn yóò pa káàdì ìdìbò rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n àlàyé ṣíṣe kò le. Ẹni tó wà ní ìlú mìíràn lọ́jọ́ ìdìbò lè fi fóònù rẹ̀ ṣe é, wọ́n sì fún un ní ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn ìdìbò.

Apá kan nínú ìtàn yìí kàn wá ní tààrà. Ní 1881, Brazil ṣe òfin kan tó ti àwọn tí kò mọ̀wé kúrò nínú ìdìbò. Ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Bahia, àti àwọn ọmọ wọn, di òmìnira wọ inú orílẹ̀-èdè tí kò rán wọn ní ilé ìwé, tó sì wá fi àìmọ̀wé dí wọn lọ́nà àpótí ìdìbò. 1985 ni wọ́n tó mú ìdènà náà kúrò. Nítorí náà, nígbà tí Brazil sọ ìdìbò di ọ̀ranyàn ní 1932, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀ranyàn náà wà fún. Àìmọye àwọn ọmọ Bahia ni òfin kò gbà láàyè láti dìbò rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin òfin ìdìbò ọ̀ranyàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi í ni pé ta ni wọ́n yọ sẹ́yìn.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń mú kí èèyàn púpọ̀ jáde?

Òótọ́ ni. Èyí nìkan ni ibi tí kò sí àríyànjiyàn púpọ̀. Ní Chile, ìdìbò di tìfẹ́-tìfẹ́ ní 2012. Ní ìpele àkọ́kọ́ ìdìbò ààrẹ 2021, àwọn tó jáde kò tó ìdajì. Nígbà tí wọ́n tún sọ ọ́ di dandan fún ìdìbò lórí ìwé òfin tuntun ní oṣù Kẹsàn-án 2022, nǹkan bí 86 nínú 100 ló jáde, nǹkan bí 62 nínú 100 wọn sì ní àwọn kò fẹ́ ìwé òfin náà.

Bẹljiọmu fi òdìkejì rẹ̀ hàn. Láti 1893 ni wọ́n ti ń ṣe é ní dandan. Ní 2024, ẹkùn Flanders mú dandan kúrò nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ wọn, àwọn tó jáde sì já láti orí èyí tó lé ní 90 wá sí nǹkan bí 63. Ẹkùn Wallonia tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò mú un kúrò, tiwọn kò sì já bẹ́ẹ̀.

Pé èèyàn púpọ̀ jáde kò sọ ìjọba di rere o. Ó kàn sọ ọ́ di ìjọba tí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ nínú yíyàn rẹ̀.

Kí ló gbé àbá yìí dé Nàìjíríà?

Ìwọ̀nba èèyàn tó ń dìbò ni. Ní 2003, bí a bá tẹ̀ lé iye tí àjọ INEC gbé jáde, nǹkan bí 69 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló dìbò ààrẹ. Ní 2015 ó ti di 44, ní 2019 ó di 35. Ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò kò sì pé mílíọ̀nù 25: nǹkan bí 27 nínú 100. Ẹni tó wọlé ní ìbò 8,794,726, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló wọlé nínú àwọn tó bá a díje, ìdá tirẹ̀ ì bá tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń dun ọkàn ni, èmi kò sì bá ẹni tó fẹ́ wá nǹkan ṣe sí i jà.

Kí ló wá kù díẹ̀ káàtó nínú àbá ọ̀hún?

Ti òfin kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà, ní abala 77, sọ pé ọmọ ìlú tó ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé Nàìjíríà, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò. Ẹ̀tọ́ ló pè é. Abala 38 dáàbò bo òmìnira ìgbàgbọ́ àti ẹ̀rí ọkàn. Agbẹjọ́rò àgbà Femi Falana wà lára àwọn tó sọ pé àbá náà tako ìwé òfin. Láì ṣàtúnṣe sí ìwé òfin fúnra rẹ̀, ó ṣòro kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó dúró nílé ẹjọ́.

Ti ìṣirò tẹ̀ lé e. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn kò dìbò ní 2023 lé ní mílíọ̀nù 68. Gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 80,000 lọ. Nínú mílíọ̀nù 68 yẹn, àwọn kan ti kú tí orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé. Ilé ẹjọ́ wo ni yóò gbọ́ ẹjọ́ àwọn yòókù? Owó ìtanràn náà sì rèé: ₦100,000, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000. Owó iṣẹ́ tí kò pé wákàtí kan ni Australia ń gbà. Nàìjíríà fẹ́ gba èyí tó ju owó iṣẹ́ oṣù kan lọ.

Ti ojú ọ̀nà ló dùn mí jù. Ní Nàìjíríà, ibùdó tí o ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ni o ti lè dìbò. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n á fòfin de ìrìnnà ọkọ̀. Ọmọbìnrin tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tó wá ríṣẹ́ ní Ṣàgámù, báwo ni yóò ṣe dé ibùdó rẹ̀? Kò sí ìdìbò ṣáájú, kò sí ti pósítì, kò sẹ́ni tó ń gbé àpótí lọ bá aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Àgùnbánirọ̀ tó ń bá wa ṣètò ìdìbò, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àpótí, oníròyìn tó ń sáré káàkiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lè dìbò nítorí pé ibi tí wọ́n rán wọn lọ kì í ṣe ibi tí orúkọ wọn wà. Káàdì ìdìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni àwọn tó ni ín kò tíì gbà nígbà ìdìbò 2023. Ẹni tí ẹ̀rù jàǹdùkú ń bà pẹ̀lú ńkọ́? Ṣé òun náà la óò fi sẹ́wọ̀n?

Ọrùn olùdìbò nìkan ni àbá 2025 gbé ìyà kà. Ọrùn ìjọba kò ní nǹkan kan lórí. Bí wọ́n bá tún gbé irú rẹ̀ wá, ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni ohun tí ìjọba fi de ara rẹ̀: ìdìbò ṣáájú ọjọ́, ààyè láti dìbò níbi tí èèyàn ń gbé, àtúntò ìwé orúkọ, ààbò. Bí mo bá rí ìwọ̀nyí, mo ṣetán láti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtanràn.

Ṣé yóò fòpin sí dìbò-kóo-sebẹ̀?

Àwọn tó fẹ́ òfin náà sọ bẹ́ẹ̀. Àlàyé wọn ni pé bí gbogbo ìlú bá jáde, olóṣèlú kò ní lè ra gbogbo wọn. Ó bọ́gbọ́n mu díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdìbò ti jẹ́ dandan ní Brazil fún ọdún tó lé ní ọgọ́ta kí wọ́n tó tún ṣe òfin mìíràn ní 1999 láti lè yọ olóṣèlú tó bá ra ìbò. Bí dandan bá tó láti pa á, kí ni wọ́n fẹ́ fi òfin ìkejì ṣe? Ebi tó ń mú èèyàn gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lẹ́bàá àpótí kò mọ̀ bóyá tìfẹ́-tìfẹ́ ni ẹni náà fi jáde tàbí tipátipá.

Ní báyìí, kí ló kan èmi?

Bí o bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Nàìjíríà, kò sí òfin ìdìbò ọ̀ranyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé wọ́n ń gba ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò dìbò, irọ́ ni, má sì san kọ́bọ̀. Bí o bá ti kó lọ sí ìlú mìíràn, INEC ní ètò láti gbé orúkọ lọ síbi tí èèyàn ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ ni wọ́n ń ṣe é, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò.

Bí o bá ń gbé òkè òkun, òfin Nàìjíríà kò tíì gbà ọ́ láàyè láti dìbò láti ibẹ̀. Ẹni tó bá ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Australia tàbí Brazil, òfin ibẹ̀ ti dè é. Kó má ṣe rò pé nítorí òun jẹ́ ọmọ Yorùbá, lẹ́tà wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ òun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ìdìbò kì í ṣe dandan níbẹ̀. Àmọ́ bí ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ̀wé sí ọ pé kí o wá forúkọ sílẹ̀, tí o sì kọ etí ikún sí i, wọ́n lè bu ìtanràn £80 fún ọ. Bí lẹ́tà náà bá ti já sílé, dáhùn rẹ̀.